Láti Ìkòròdú dé Àgbádárìgì lórí ọ̀sà, èmi àti ọkọ mi nìkan: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Sátidé kejì nínú oṣù Kìíní tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó èmi àti olówó orí mi yóò pé ọdún 25. A ò fẹ́ pe èèyàn jọ. A ti ṣe àríyá fún ọmọ, a ti ṣe é fún òbí, ó tó. Ohun tó wu bàbá àwọn ọmọ ni pé kí àwa méjèèjì nìkan wọ ọkọ̀ ojú omi wa ní ẹ̀bútẹ́ Ìpakòdò níhìn-ín, ká gba orí ọ̀sà dé Àgbádárìgì, ká sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ká tún gba orí omi padà wálé.

Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 19, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 75, ó ní ìbòrí tapólì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkọ mi ti ń wà á, ṣùgbọ́n kò kọjá Fálọ́mọ̀ rí. Èmi ò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, mi ò sì fọwọ́ kan sitíárìn rẹ̀ rí. Àga ẹ̀yìn ni tèmi, èmi àti fúláàsì tíì mi. Inú mi dùn sí ìrìn àjò yìí gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún wa.

Atukọ̀ Àná

Ìyàwó wa, ẹ kú oríire. Ọdún 25 kì í ṣe ọjọ́ 25. Ọdún 21 ni mo fi gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀nà kan yìí. Èkíní ni ọ̀sà ńlá, láti Ìpakòdò dé abẹ́ afárá Third Mainland títí dé Marina. Ibẹ̀ fẹ̀, kò sì jìn nísàlẹ̀. Ibi tí kò jìn ni ìgbì ti ń le, ẹ má rò pé òkun nìkan ló ní ìgbì. Lẹ́yìn ọ̀sán, afẹ́fẹ́ á dìde láti apá òkun, ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìkòròdú bọ̀ á sì kọ orí sí i tààrà. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 19 á máa fò, á máa balẹ̀, egungun ẹ̀yìn yín á gbọ́ ọ. Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá dé ìtòsí Mákòkó àti Òkò-Bàbá, ẹ dín iná ẹ́ńjìnnì kù kí eré lè rọlẹ̀, torí àwọ̀n wà níbẹ̀, gẹdú sì wà níbẹ̀ tó rì ku díẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ, bí orí ọ̀nì.

Láti Marina, ẹ ó kọjá iwájú Àpápá. Ẹ má ṣe kọjá níwájú ọkọ̀ ńlá tó ń rìn. Ó lè dà bí ẹni pé kò sáré, irọ́ ni. Kò lè dúró, kò sì rí yín láti òkè ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ, kẹ́ ẹ wá kọ orí ọkọ̀ sí ìgbì tó bá fà sílẹ̀, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ gbà á. Ẹ ó wọlé láàárín ẹ̀bútẹ́ Tin Can àti erékùṣù Snake Island, ibẹ̀ ni ọ̀nà kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ràn. Ọ̀sà á di tóóró. Kìríkìrì á wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, lẹ́yìn náà Òjò. Lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀ yanrìn pẹlẹbẹ kan ló pààlà láàárín yín àti òkun, igi àgbọn ló kún un. Níbòmíràn ẹ ó máa gbọ́ ariwo òkun lókè òdìkejì, bẹ́ẹ̀ omi tí ẹ wà lórí rẹ̀ á tẹ́jú bí ẹní. Ìréwé, Àjìdó, Tópò, ẹ dé Àgbádárìgì.

Nípa kùrukùru ọyẹ́: nínú oṣù Kìíní, ó lè bo ọ̀sà débi pé ẹ ò ní rí imú ọkọ̀ yín. Bí ẹ ò bá rí òdìkejì omi láti ẹ̀bútẹ́, ẹ jókòó. Ẹ mu tíì yín. Ní bí aago mẹ́sàn-án, oòrùn á ti gbé e kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lórí omi lọ́nàkọnà. Òfin lòdì sí i fún ọkọ̀ èrò, ọgbọ́n lòdì sí i fún gbogbo ọkọ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ

Bàbá ti sọ ọ́ tán, àmọ́ mo fẹ́ ta kò wọ́n níbì kan. Kí ló dé tí tọkọtaya tó fẹ́ gbádùn á fi bá ọkọ̀ ńlá du ọ̀nà ní Àpápá? Ẹ gbé ọkọ̀ yín sórí tírélà lọ sí Òjò lọ́jọ́ Furaidé, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ibi tó dùn nínú ìrìn náà láti Òjò lọ ni. Orí omi ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì bẹ̀rù ìgbì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọjá Fálọ́mọ̀ rí ni a ń bá sọ̀rọ̀ yìí.

Atukọ̀ Àná

Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú títì yẹn pẹ̀lú tírélà tó gbé fáíbà lẹ́yìn, ṣé kòtò ọ̀nà kò ní fọ́ ìdí ọkọ̀ kó tó rí omi? Bí wọ́n bá tètè jáde, tí wọ́n sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, Àpápá kò ní í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ọkọ wọn bá fẹ́, kó gba awakọ̀ kan tó mọ ibẹ̀ ní Sátidé tó ṣáájú, kí wọ́n jọ lọ dé Tin Can, kí wọ́n padà. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe àlejò ibẹ̀ mọ́.

Mẹkáníìkì Ẹ̀bútẹ́

Ẹ̀gbọ́n obìnrin, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin pé ohun tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró lórí omi Èkó kì í sábà jẹ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì kú. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sẹ́yìn, ojú yín ni kó máa wà lára omi yẹn. Bí ó bá ti fà sẹ́yìn tàbí tó dá, ẹ kígbe. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e sókè, ẹ fi ọwọ́ yọ ọ̀rá náà, ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ẹni tí kò wò ó ló ń wá ra ìmpẹ́là tó ń fa omi àti orí ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ mi.

Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ èyí tí a ń po òróró mọ́ epo fún, lítà epo 50 sí lítà òróró kan. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ sẹ́ epo náà kó tó wọ táǹkì, torí omi inú epo a máa pani lójú ọ̀nà.

Ẹ gbé pùròpẹ́là (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) kan sí i dání, púlọ́ọ̀gì méjì, sípánà tó bá a mu, ọ̀bẹ mímú kan fún koríko àti àwọ̀n, àti àjẹ̀ méjì. Mo rí àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì 200 tí kò ní àjẹ̀ kankan nínú ọkọ̀, ó máa ń dùn mí.

Epo: ẹ pín in sí mẹ́ta. Ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ́ńjìnnì 75 lè mu bí lítà 25 ní wákàtí kan bí ẹ bá ń sáré níwọ̀n, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá fún un ní gbogbo iná.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ káàbọ̀ sílùú wa ṣáájú. Ọ̀rọ̀ epo tí àbúrò mẹkáníìkì sọ yẹn, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ọ̀sà wa yìí kò dúró sí Àgbádárìgì, ó lọ tààrà dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn onífàyàwọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn agbófinró wà lójú omi láti Òjò wá. Bí wọ́n bá rí kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́wàá nínú ọkọ̀ ẹni méjì, ìbéèrè á pọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù wà nínú táǹkì ọkọ̀ gan-an, kí kẹ́ẹ̀gì má ju méjì lọ, kí ìwé ọkọ̀ wà nínú ọ̀rá nítòsí ọwọ́. Ẹ lọ bi NIWA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi) àti LASWA (ti ìpínlẹ̀ Èkó) léèrè ohun tí ìwé yín yẹ kó jẹ́ kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ dín iná kù láti òkèèrè, ẹ gbé ọwọ́ sókè kí wọn, ẹ sún mọ́ wọn pẹ̀lẹ́. Ẹ má sì kọjá ìlú wa lọ síhà Bẹ̀nẹ̀ láìní ìwé ìrìnnà, bó ti wù kí omi náà dára tó.

Ìtòsí wa níhìn-ín, ẹ ó máa rí igi tí wọ́n rì mọ́ inú omi ní àgbájọ. Àkájà ni, ibi tí ẹja ń sá pamọ́ sí kí àwọn apẹja tó wá kó wọn. Oko olóko ni. Ẹ yà fún un.

Ẹ̀bútẹ́ wa ní Marina Àgbádárìgì, kì í ṣe ti Èkó, ni kẹ́ ẹ gúnlẹ̀ sí. Ẹ wá ẹnì kan tí àwọn ará ẹ̀bútẹ́ mọ̀ láti máa ṣọ́ ọkọ̀ lóru, ẹ san owó rẹ̀ ní ìdajì ìdajì, kẹ́ ẹ sì tú ẹ̀rọ kékeré tó ṣeé tú kúrò lára rẹ̀ lọ sí yàrá yín.

Ní ti ohun tí ẹ ó rí: ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845 ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀sà. Ibi tí igi Àgíyà wà tẹ́lẹ̀ kí ó tó wó kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti wàásù Kristẹni ní 1842. Ẹ lọ sí ilé Sèríkí Fárẹ̀mí Williams Àbàsé, tó ní yàrá 40 tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọkọ̀ kọjá sí Gbẹ́rẹ̀fú, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yanrìn náà títí dé etí òkun, ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn lọ láìpadà. Mo ti mú ọ̀pọ̀ àlejò rìn ín. Àwọn tọkọtaya máa ń di ọwọ́ ara wọn mú níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kà á sétígbọ̀ọ́ ọkọ mi, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kan: ṣé dandan ni kí láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ooru rẹ̀ pọ̀.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, dandan ni. Jọ̀ọ́, jókòó kí o ka èyí tán.

Lápá Ẹ̀pẹ́ ni, èmi àti bàbá àwọn ìbejì. Ẹ́ńjìnnì 40 tí a ń fi ọwọ́ tọ́ láti ẹ̀yìn ni tiwa. Koríko omi yẹn, èyí tó ń tan òdòdó àlùkò, tí òjò máa ń gbé wọ ọ̀sà tí omi iyọ̀ sì ń pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lọ́ mọ́ pùròpẹ́là. Bàbá wọn pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e. Mo ń bó ọsàn lọ́wọ́. Mo gbọ́ gbìì. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, bàtà wọn kan ṣoṣo ni mo rí lórí pákó.

Jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn, nítorí náà wọ́n léfòó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé ọkọ̀ lọ, ó sì ń yára ju bí wọ́n ṣe lè lúwẹ̀ẹ́ lọ. Wọ́n ń kígbe pé kí n fà á, kí n fa okùn ẹ́ńjìnnì. Mo fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Kò jí. Okùn pupa tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú, wọn ò tíì tú u kúrò lọ́wọ́, ó sì ti bá wọn wọ omi. Láìsí i lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, kò sí bí ó ṣe lè jí. Èmi ò mọ ìyẹn. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé àjẹ̀ wà lábẹ́ àga mi. Mo dúró, mo ń wo orí ọkọ mi tó ń kéré sí i. Àwọn ọ̀dọ́ apẹja méjì ló gbọ́ igbe mi, wọ́n fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé wọn.

Látìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ní ọkọ̀ ojú omi: dìde kúrò lórí àga ẹ̀yìn. Ẹni méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ yín. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà bá wọ omi, ta ló kù?

Ẹ ra okùn pupa kejì, kí ó wà lára ìwọ. Kí ọkọ rẹ kọ́ ọ ní jíjí ẹ́ńjìnnì, fíríì (tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí pùròpẹ́là kò yí), síwájú, àti rìfáàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kó lè rì dé ìdajì, kí ọkọ rẹ jù ú sómi láìsọ fún ọ, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Ìwọ ni o máa lọ mú un. Bí ó bá ṣubú sápá ọ̀tún, yí sitíárìn sápá ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, kí ìdí ọkọ̀ lè fì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ìdí ni pùròpẹ́là wà. Má ṣe gbójú kúrò lára rẹ̀. Yípo, kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, rọra bọ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí o kàn án, fíríì. Kí o tó na ọwọ́ sí i, pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, títí ọkàn rẹ á fi balẹ̀. Ẹ so àtẹ̀gùn okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ gbomi wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ.

Ọmọ Èkó ní Virginia

Gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn, mo fọwọ́ sí i. Ní Norfolk ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ń gbé, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì Intracoastal Waterway, ọ̀nà omi etíkun tó ju máìlì 1,000 lọ títí dé Miami. Bí òtútù bá ti fẹ́ dé, tọkọtaya arúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọjá lọ síhà gúúsù. Ohun tí mo kọ́ lára wọn ni pé bí wọ́n bá fẹ́ gúnlẹ̀, ìyàwó ló sábà ń wà nídìí sitíárìn, ọkọ ló ń di okùn mú. Iṣẹ́ okùn ló gba agbára, sitíárìn gba sùúrù. Àwọn míì máa ń gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí etí kí wọ́n má baà máa pariwo mọ́ ara wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ fẹnu kò lórí àmì ọwọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra, torí ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí bó ṣe jáde lẹ́nu.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì 767 àti 112 sínú fóònù yín, kẹ́ ẹ so fóònù náà mọ́ ọrùn nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Kí ẹnì kan nílé mọ aago tí ẹ gbéra àti aago tí ẹ ó gúnlẹ̀. Fèrè kan lára jákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ohùn èèyàn kì í rìn jìnnà lórí omi tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú

A ti dé o! Ẹ̀yin ará, a lọ, a sì bọ̀ láyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Sátidé mẹ́rin ni mo fi lé kẹ́ẹ̀gì kiri lórí omi Ìpakòdò. Lọ́jọ́ kìíní, mo gun kẹ́ẹ̀gì náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ọmọ ẹ̀bútẹ́ ń wò, mi ò dá wọn lóhùn. Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹrin, mo ń mú un láìkàn án.

Bàbá Atukọ̀, a ṣe bí ẹ ṣe wí. A gba awakọ̀ kan dé Tin Can ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, a ò lo tírélà. Lọ́jọ́ náà gan-an, kùrukùru bo Ìpakòdò, a jókòó títí di aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ mi fẹ́ lọ ní aago mẹ́jọ, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí, wọ́n sì jókòó. Ní iwájú Kìríkìrì, omi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì dá, mo kígbe. Ọ̀rá dúdú ni, kì í ṣe ti píọ̀ wọ́tà. Mẹkáníìkì, kí Ọlọ́run bù kún ọ.

Agbófinró dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì méjì wa, wọ́n ní ṣé àwa méjì yìí nìkan ni. Ọkọ mi ní ìyàwó òun ni, ọdún 25 ni. Wọ́n kí wa kú oríire.

A sùn sí Àgbádárìgì, a jẹ epìyà yíyan àti àgbọn. A rin ọ̀nà Gbẹ́rẹ̀fú. Ará Àgbádárìgì, òótọ́ lẹ sọ nípa ọwọ́ dídìmú.

Ní ọjọ́ Ajé tí a ń bọ̀, èmi ni mo wà nídìí sitíárìn láti Àjìdó. Nítòsí Ìréwé, afẹ́fẹ́ já fìlà aṣọ òkè tí mo rán fún wọn fún àjọ̀dún yìí, ó gbé e sómi. Wọ́n dìde láti nà mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ jókòó." Wọ́n jókòó. Mo yí sitíárìn sápá ibi tí fìlà ṣubú sí, mo yípo, mo kọjú sí afẹ́fẹ́. Mo kọjá rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mo tún yípo. Nígbà kejì, fíríì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbé e. Omi ń kán lára rẹ̀. Wọ́n fún un dáadáa, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n wá gbé e lé orí mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé e wa ọkọ̀ náà títí a fi rí ọkọ̀ ńlá Tin Can níwájú.